Ọdún tí wọ́n kọ sára ìgò ṣanpéènì

Ìgò ṣanpéènì Veuve Clicquot kan wà nínú ṣóòkéèsì àbúrò ìyá mi n'Íbàdàn. Àárín àwo tánganran àti fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ wọn àgbà ló wà, wọn ò sì tíì ṣí i láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà tí wọ́n pé ọgọ́ta ọdún ní 2018. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, wọ́n ń nu eruku kúrò lára rẹ̀, ni wọ́n bá gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n ní: "Ọmọ mi, bá mi wò ó. 2008 ni wọ́n kọ síbí. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé e fún mi. Ṣé ọtí tó ti lo ọdún mẹ́wàá lórí igbá ni wọ́n fi wá bá mi ṣe ọjọ́ ìbí?"

Ìbéèrè gidi ni. NAFDAC ti kọ́ wa pé ká tó ra wàrà alágolo tàbí oògùn, ká kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí ó máa parí, ẹ̀kọ́ náà sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ewu. Ojú tí a fi ń wo agolo wàrà náà la wá fi ń wo ìgò ọtí. Ṣùgbọ́n 2008 tó wà lára ìgò Àǹtí kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rọ ọtí náà sínú ìgò, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́. Ọdún tí wọ́n já èso àjàrà inú rẹ̀ lórí igi ni. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ò tilẹ̀ fi dandan lé e pé kí wáìnì ní ọjọ́ ìparí lára, nítorí pé ohun mímu tí ọtí inú rẹ̀ bá ti tó ìdá 10 nínú 100 kì í tètè rà bí oúnjẹ ṣe ń rà. Ó lè pàdánù adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ inú ẹnikẹ́ni di ìdààmú.

Mo ṣàlàyé fún Àǹtí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè mìíràn, òmíràn tún yọ lára ìyẹn. Ohun tí mo kọ síbí ni èsì àwọn ìbéèrè yẹn, nítorí mo mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́ ni ìgò bẹ́ẹ̀ wà nínú ṣóòkéèsì wọn.

Orúkọ ọtí náà gan-an ni ká kọ́kọ́ yanjú. Lọ́dọ̀ wa, ohunkóhun tó bá ti wà nínú ìgò tó nípọn, tí wọ́n fi wáyà de ọrùn rẹ̀, tó sì ń dún "pọ́ọ̀" bí wọ́n bá ṣí i, ṣanpéènì la ń pè é, ìbáà ṣe omi èso lásán tí kò ní ọtí nínú. Ṣùgbọ́n Champagne jẹ́ orúkọ ilẹ̀ kan ní Faransé, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Paris, níbi tí ìlú Reims àti Épernay wà. Ẹ rántí gaàrí Ìjẹ̀bú: gaàrí pọ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ gaàrí mọ èyí tó kan tó sì gbẹ, tó ti Ìjẹ̀bú wá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òfin ló ń ṣọ́ orúkọ Champagne. Wáìnì tó ń hó tí wọ́n ṣe ní Ítálì lè jẹ́ Prosecco, ti Sípéènì lè jẹ́ Cava, wọ́n sì lè dùn gan-an, àmọ́ kò sí èyí tó lè fi orúkọ Champagne sára. Èso àjàrà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é níbẹ̀: Pinot Noir àti Meunier, tí èèpo wọn dúdú, pẹ̀lú Chardonnay tí èèpo tirẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó ń ya èèyàn lẹ́nu pé ọtí funfun ń jáde lára àjàrà dúdú, ṣùgbọ́n omi inú àjàrà wọ̀nyẹn kò ní àwọ̀, inú èèpo ni àwọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọra fún un. Òfin ibẹ̀ sọ pé nínú 4,000 kílógíráàmù àjàrà, 2,550 lítà omi péré ni kí wọ́n fún jáde.

Ibi tí èéhó ti wá ni Àǹtí fẹ́ mọ̀ tẹ̀lé e, èyí ò sì le fún ọmọ Yorùbá láti lóye, nítorí a mọ ẹmu. Bí wọ́n bá gbé ẹmu sọ̀kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ, ó ti ń hó. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, afẹ́fẹ́ sì ń jáde lára iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti gbé ẹmu sínú kẹ́ẹ̀gì rí, tó dé e pinpin, tó wá kó o sẹ́yìn ọkọ̀ láti oko dé ìgboro, mọ ohun tí afẹ́fẹ́ yẹn lè ṣe. Àwọn ará Champagne ń jẹ́ kí ìwúkàrà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, inú àgbá ni, afẹ́fẹ́ ń bá tirẹ̀ lọ, ọtí tó kù sì dúró jẹ́ẹ́, ó kan díẹ̀, kò hó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti ìwúkàrà tuntun sí i, bíi gíráàmù 24 ṣúgà sí lítà kan, wọ́n á sì dé e pa. Ìwúkàrà tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ò ríbi gbà mọ́, ó wọ inú ọtí lọ, ó sì ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí ìgò. Agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti afẹ́fẹ́ tí àwọn fọkanáísà ń fẹ́ sínú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nítorí náà ni ìgò ṣe nípọn, tí ìdí rẹ̀ sì wọnú.

Nígbà tí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà tán, ó kú, ó sì rọ̀ sí ìdí ìgò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í dà á nù kíákíá, nítorí bí ọtí bá ṣe pẹ́ tó lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni òórùn búrẹ́dì gbígbóná àti ti ẹ̀pà yíyan ṣe ń wọ inú rẹ̀ tó. Òfin sọ pé ṣanpéènì tí kò ní ọdún lára gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán oṣù 15 lẹ́yìn tó bá ti wọ ìgò kó tó jáde fún títà. Èyí tó ní ọdún lára gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta, àwọn ilé ìpọntí tó níyì sì máa ń jẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ wá rí i: àjàrà tí wọ́n já ní oṣù kẹsàn-án 2008, ọdún tó tẹ̀lé e ló wọ ìgò, ó sì sùn sínú àjà ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó dé ọwọ́ Àǹtí ní 2018, kò tíì pẹ́ tó rí ìmọ́lẹ̀ ọjà. Ẹni tó ta wọ́n lọ́rẹ kò fi ọtí ìgbàgbé ta wọ́n lọ́rẹ rárá. Owó ńlá ló ná.

Ìdàkejì ìṣòro yìí náà wà, ó sì ń bí mi nínú díẹ̀ bí mo bá gbọ́ ọ. Mo ti rí ẹni tó kọ ìgò lọ́jà ní Èkó, ó ní ayédèrú ni, nítorí kò rí ọdún kankan lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ṣanpéènì ayé yìí ni kò ní ọdún lára, ìdí rẹ̀ sì dára. Champagne tutù. Àríwá pátápátá ló wà sí ibi tí àjàrà ti sábà máa ń so dáadáa. Ìrì dídì lè pa òdòdó ní ìgbà ìrúwé, yìnyín lè bọ́ lu èso, òjò lè mú olú bo ewé. Ìkórè ọdún kan lè dùn, ti ọdún kejì lè kan bí ọsàn àìpọ́n. Ẹ wo ohun tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó mọṣẹ́ máa ń ṣe: bí elùbọ́ tuntun kò bá dúdú tó, á bù lára èyí tó tọ́jú pamọ́, á pò wọ́n pọ̀, kí àmàlà oníbàárà rẹ̀ lè rí bó ṣe ń rí látẹ̀yìnwá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní Champagne. Wọ́n ń tọ́jú ọtí ọdún àtijọ́, oko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á sì fi í pa ti ọdún tuntun pọ̀ títí yóò fi dùn lẹ́nu bí ti àná. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì le. Ìgò tí bébà ara rẹ̀ ní àwọ̀ pupa ẹyin, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Veuve Clicquot, irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ Pinot Noir. Aláìlọ́dún kì í ṣe ayédèrú.

Ṣùgbọ́n ọdún kan á tún dé tí oòrùn, òjò àti afẹ́fẹ́ máa bára wọn ṣe. Lọ́dún bẹ́ẹ̀, olórí àjà ilẹ̀, ẹni tó ń darí ìpọntí, lè sọ pé: èyí ò yẹ kó dàpọ̀ mọ́ òmíràn, ẹ jẹ́ kó dá dúró. Gbogbo àjàrà inú ìgò náà gbọ́dọ̀ wá láti ọdún yẹn nìkan, láìsí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó wá látibòmíràn. Mo ń pè é ní ṣanpéènì ọlọ́dún. Kò sí ìjọba tàbí ìgbìmọ̀ tó ń kéde ọdún náà, ilé ìpọntí kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu fún ara rẹ̀. Ohun tí òfin fi lélẹ̀ ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta ju ìdá 80 nínú 100 ìkórè ọdún kan lọ́nà yìí, kí ìpamọ́ má baà tán. Lọ́dún 2001, òjò ba ìkórè jẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì gbé ọdún náà sára ìgò rárá. Ní 2012, ìrì dídì àti yìnyín kọ́kọ́ jẹ èyí tó pọ̀ run, kí oòrùn oṣù kẹjọ tó wá gba ìyókù là, èso kéré ṣùgbọ́n ó dára. 2008 ti Àǹtí ń kọ́? Oòrùn ò pọ̀ lọ́dún yẹn, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn tutù, àwọn àgbẹ̀ ti ń kọminú. Oṣù kẹsàn-án dé, ojú ọjọ́ mọ́, ó gbẹ, àjàrà rọra pọ́n láìpàdánù kíkan rẹ̀. Kíkan yẹn ló ń gbé wáìnì ró fún ọdún gbọọrọ. Láàárín àwọn ọdún tó súnmọ́ ọn, díẹ̀ ni mo lè fi ṣíwájú rẹ̀.

Àǹtí fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú Clicquot. Wọ́n ní kí ni "Veuve". Mo ní opó ni lédè Faransé. Wọ́n gbé ìgò náà sílẹ̀. "Opó? Opó ni wọ́n fi sọ orúkọ ọtí?"

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Barbe-Nicole Ponsardin ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Reims ní 1777, baba rẹ̀ jẹ́ olówó nínú òwò aṣọ. Ní 1798 ó fẹ́ François Clicquot, ọmọ Philippe Clicquot. Philippe yìí náà jẹ́ oníṣòwò aṣọ àti olówó ilé ìfowópamọ́, òun ló dá òwò wáìnì ìdílé wọn sílẹ̀ ní 1772, nítorí pé wọ́n ní ọgbà àjàrà. Ẹ kíyè sí i: bí ẹ bá rí 1772 lára páálí, ọdún tí ilé náà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí ọtí tí ẹ gbé dání. François fẹ́ràn òwò ọtí ju ti aṣọ lọ, ó sì ń kọ́ ìyàwó rẹ̀. Ní 1805, ibà gbé e dè, ó kú. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 27, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, Clémentine, sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ọ̀fọ̀ náà dun Philippe débi pé ó fẹ́ ti ilé ìpọntí náà pa. Opó yìí ló lọ bá a, ó ní kó jẹ́ kí òun máa bá a lọ. Lábẹ́ òfin Faransé ìgbà Napoléon, obìnrin tó wà nílé ọkọ ò lè dá fọwọ́ sí ìwé òwò láìgba àṣẹ ọkọ rẹ̀. Opó lè fọwọ́ sí i. Ikú tó gba ọkọ rẹ̀ ló fún un ní ẹ̀tọ́ tí kò ní tẹ́lẹ̀, ó sì lò ó. Philippe gbà, ó tún fowó sí i, ó sì ní kó kọ́kọ́ bá Alexandre Fourneaux tó mọ iṣẹ́ dòwò pọ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò pọ̀, ogun sì jẹ́ kí ọjà kú. Fourneaux yọwọ́. Láti 1810, òun nìkan ló kù, orúkọ ilé náà sì di Veuve Clicquot-Ponsardin. Ọdún yẹn náà ni ilé náà sọ pé ó kọ́kọ́ ṣe ṣanpéènì ọlọ́dún, pé òun sì ni àkọ́kọ́ tó wà nínú àkọsílẹ̀ ní gbogbo Champagne.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìràwọ̀ onírù kan yọ lójú ọ̀run Yúróòpù, ó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí gbogbo èèyàn fi ojú lásán rí i. Ìkórè 1811 sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní wáìnì ìràwọ̀ onírù. Opó náà kó o sí àjà ilẹ̀, kò sì sí ibi tí ó máa tà á sí: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun, Rọ́ṣíà tí wọ́n ti ń mu ọtí rẹ̀ jù ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ìgò Faransé. Nígbà tí Napoléon ṣubú ní 1814, àwọn oníṣòwò tó kù ń dúró de ìwé àlàáfíà. Òun ò dúró. Ó háyà ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Netherlands, ó di ìgò tó lé ní 10,000 sínú rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti 1811, aṣojú rẹ̀ Louis Bohne sì bá a lọ sí Königsberg lójú òkun Baltic. Ká ní wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ yẹn ni, gbèsè ì bá pa òwò náà. Ọjà náà tà bí ẹni ń já a gbà. Kí àwọn tó kù tó dìde, orúkọ opó náà ti gba gbogbo Rọ́ṣíà.

Bí wọ́n bá ní kí n mú iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó ṣe ní 1816 ni mo máa mú. Ẹ rántí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ṣanpéènì máa ń dúdú bí omi àgbàrá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń silẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó mọ́, wọ́n á dà á láti inú ìgò kan sínú òmíràn, èéhó rẹ̀ á sá lọ, ìdá kan á sì ṣòfò. Ìtàn ilé náà ni pé ó ní kí wọ́n lu ihò sí tábìlì kan, kí wọ́n fi ọrùn ìgò bọ ihò náà kó dojú kọlẹ̀ díẹ̀. Antoine Müller, ọ̀gá àjà ilẹ̀ rẹ̀, ló bá a ṣe é dójú àmì. Lójoojúmọ́, òṣìṣẹ́ á mú ìdí ìgò, á mì ín fẹ́ẹ́rẹ́, á yí i díẹ̀, á tún gbé e dojúdé díẹ̀ sí i. Ilà funfun kan wà ní ìdí ìgò kọ̀ọ̀kan kí ó lè mọ ibi tó yí i dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìgò ti dojúdé pátápátá, gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti kó jọ sí ẹnu ìdérí. Wọ́n á ṣí i, afẹ́fẹ́ á ti ìdọ̀tí náà jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọtí tó mọ́ gaara á kù sílẹ̀ pẹ̀lú èéhó rẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń yí èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì ń mú ọrùn ìgò dì nínú omi iyọ̀ tútù kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè fò jáde bíi yìnyín kékeré. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ náà ni. Gbogbo ṣanpéènì tó ń dán nínú ife lónìí, ti ilé rẹ̀ tàbí ti ilé ẹlòmíràn, jẹ opó yìí ní gbèsè.

Kò tún ọkọ mìíràn fẹ́. Ní 1841 ó fa òwò lé Édouard Werlé lọ́wọ́, ó sì kú ní 1866, ó jẹ́ ẹni ọdún 88. Nígbà tí ilé náà pé igba ọdún ní 1972, wọ́n gbé ọtí ọlọ́dún kan jáde ní ìrántí rẹ̀, La Grande Dame, ìkórè 1962 ló sì wà nínú àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá LVMH ló ni ilé náà báyìí. Àjà ilẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Reims, nínú kòtò jíjìn tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun láyé àtijọ́. Funfun ni ògiri rẹ̀, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí ẹfun ọjà, ó tutù bákan náà tọ̀sán tòru, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Láti 2015 ni UNESCO ti ka àwọn òkè, ilé àti àjà ilẹ̀ Champagne mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ "Brut" tó wà lára ìgò náà kò yé Àǹtí, kò sì yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣúgà ló ń sọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọ́n ń fi wáìnì tó ní ṣúgà dí àyè tó ṣófo. Brut kò gbọ́dọ̀ kọjá gíráàmù 12 nínú lítà kan. Èyí tó ń tan èèyàn jẹ ni "Extra Dry": ẹni tó bá kà á á rò pé òun ni kò ní ṣúgà jù, bẹ́ẹ̀ ó dùn ju Brut lọ, torí láti 12 dé 17 ni tirẹ̀. Sec tún dùn jù ú lọ, Demi-Sec sì wà láàárín 32 sí 50. Bí ẹ bá ń wá ọtí tí ẹ máa fi jẹ àkàrà òyìnbó, Demi-Sec ni kẹ́ ẹ béèrè. Bí ẹja díndín ni, Brut.

Adùn ayé àtijọ́ yàtọ̀ sí tiwa jìnnà. Lọ́dún 2010, àwọn òmùwẹ̀ rí ọkọ̀ kan tó rì ní òkun Baltic lẹ́bàá erékùṣù Åland, ní nǹkan bí 50 mítà sísàlẹ̀ omi, ìgò ṣanpéènì 168 sì wà nínú rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ ti Veuve Clicquot, láti ìgbà tí opó náà ṣì wà láyé. Omi tútù àti òkùnkùn ti tọ́jú wọn fún nǹkan bí 170 ọdún, àwọn kan nínú wọn ṣì ṣeé mu. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣúgà inú rẹ̀ sún mọ́ gíráàmù 150 ní lítà kan. Nínú ìgò kan, ìyẹn lé ní ṣíbí tíì 25. Brut òde òní kò ju bíi ṣíbí méjì lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n ta ìgò Clicquot kan lára wọn ní gbàǹjo ní 30,000 yúrò.

Ohun tó pa ìgò ìsàlẹ̀ òkun mọ́ náà ló yẹ kó fi ọ̀nà ìtọ́jú hàn wá: òtútù, òkùnkùn, kó má sì máa mì. Ṣóòkéèsì pálọ̀ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ láti ojú fèrèsé jẹ́ òdì kejì gbogbo rẹ̀. Ooru ló ń pa wáìnì nílẹ̀ wa ju ọjọ́ orí lọ. Bí ẹ bá ní ìgò ọlọ́dún, tí ẹ ò sì ní yàrá tó tutù, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ di ọdún mẹ́wàá. Ẹ mu ún láàárín ọdún kan tàbí méjì. Bí ó bá dọjọ́ tí ẹ máa ṣí i, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má gbé e sínú fírísà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ kí ẹ tó tú wáyà, nítorí lẹ́yìn tí wáyà bá ti tú, kò sí ohun tó dè é mọ́, ó sì ti fọ́ ojú èèyàn rí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìgò síẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ di ìdérí mú ṣinṣin, kí ẹ wá máa yí ìgò, kì í ṣe ìdérí. Bó bá jáde dáadáa, kì í pariwo. Á mí kanlẹ̀ ni.

Bí mo ṣe ṣí ti Àǹtí nìyẹn, ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn tí a ti jẹun tán. Ẹ̀rù ń bà mí pé ooru ti pa á. Kò mí kanlẹ̀, ó kàn rọra fẹ́ díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ti koríko gbígbẹ, ó ti di ti oyin ìgàn. Èéhó inú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n ń gòkè láti ìdí ife, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sí imú, òórùn ẹ̀pà yíyan wà níbẹ̀, ti oyin wà níbẹ̀, àti ti èèpo ọsàn tí wọ́n sá gbẹ. Kíkan 2008 náà ṣì wà lẹ́yìn ahọ́n. Ooru ti jẹ lára rẹ̀, kò rí i jẹ tán.

Àǹtí mu ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n pa ojú dé. Wọ́n ní kí n tún sọ iye ọdún tí obìnrin yẹn jẹ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Mo ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. A ò mu ju ìdajì ìgò náà lọ. Wọ́n wẹ ife kan, wọ́n rọ ọtí sí i dé ààbọ̀, wọ́n fi àwo kékeré dé e, wọ́n sì ní kí n gbé e lọ fún ìyá tó ń gbé ilé kejì, pé opó ni àwọn náà.